Signals ti Rush: rẹ́kọ́ọ̀dù àtijọ́, sídì àbí rẹ́kọ́ọ̀dù tuntun?

Ẹni tó bá fẹ́ ra Signals, àwo tí ẹgbẹ́ Rush ti ilẹ̀ Kánádà gbé jáde ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1982, yóò bá oríṣi mẹ́rin lọ́jà: rẹ́kọ́ọ̀dù ọdún 1982 fúnra rẹ̀, sídì tí wọ́n tún ṣe ní 1997, rẹ́kọ́ọ̀dù tuntun ti 2015, àti àpótí ńlá tí wọ́n fi ṣàjọyọ̀ ogójì ọdún rẹ̀, tó jáde ní 2023. Mo ti ra mẹ́ta nínú wọn. Owó mi wọgbó sínú ọ̀kan.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tó mú kí oríṣi tí ẹ máa rà ṣe pàtàkì. Àwọn mẹ́ta péré ni Rush nígbà tí wọ́n ṣe àwo yìí: Geddy Lee ń kọrin, ó ń ta bẹ́ẹ̀sì, ó tún ń tẹ synthesizer, ìyẹn dùùrù oníná, Alex Lifeson ń ta gìtá, Neil Peart ń lu ìlù, òun náà ló sì ń kọ ọ̀rọ̀ orin. Nínú àwọn àwo wọn àkọ́kọ́, gìtá ló máa ń ṣíwájú. Nínú Signals, synthesizer gba iwájú. Ìbẹ̀rẹ̀ Subdivisions, orin àkọ́kọ́ inú rẹ̀ báyìí, ohùn synthesizer Oberheim tó nípọn ló máa kún yàrá yín, gìtá á wà lẹ́yìn rẹ̀ bí ẹni tó dúró sẹ́yìn aṣọ fèrèsé. Inú Lifeson ò dùn sí ibi tí wọ́n fi gìtá rẹ̀ sí, Terry Brown tó bá wọn ṣe àwo náà ò sì tún bá wọn ṣe òmíràn mọ́. Èmi fẹ́ràn rẹ̀ bó ṣe wà yẹn. Títẹ́tí wá gìtá yẹn lábẹ́ synthesizer ni adùn àwo yìí fún mi láti ìgbà tí mo ti mọ̀ ọ́n. Àmọ́ bí ariwo kankan bá wọ inú èyí tí ẹ rà, gìtá yẹn ló máa kọ́kọ́ bò mọ́lẹ̀.

Rẹ́kọ́ọ̀dù 1982

Ibí ni owó mi wọgbó sí. Lọ́ńdọ̀nù ni mo ti rà á, lórí íntánẹ́ẹ̀tì, pọ́n-ùn 22. Ẹni tó ń tà á kọ ọ́ síbẹ̀ pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dà bíi tuntun. Páálí rẹ̀ ò ya rárá: ajá funfun alámì dúdú ń gbóòórùn ẹ̀rọ omi panápaná pupa lórí koríko tútù. Nígbà tó délé, mo gbé e sábẹ́ iná, mi ò rí ìlà kankan lójú rẹ̀. Mo gbé abẹ́rẹ́ lé e. Ojú kìíní lọ geere. Ojú kejì náà ń lọ dáadáa, àfi ìgbà tó dé Losing It.

Orin yẹn gan-an ni mo torí rẹ̀ ra àwo náà. Ọ̀rọ̀ oníjó kan ni, tí ara rẹ̀ ò gba ijó mọ́, àti òǹkọ̀wé kan tí ọ̀rọ̀ ti ń sá fún. Ben Mink bá wọn ta fáyólíìnì oníná sí i, ohùn rẹ̀ sì ń dárò bíi gòjé. Àfi ọdún 2015 ni wọ́n tó kọ ọ́ lórí ìtàgé fún ìgbà àkọ́kọ́, ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n lẹ́yìn tí àwo jáde. Orin náà rọra ń lọ ni, kò pariwo. Ibẹ̀ ni àwo mi ti bẹ̀rẹ̀ sí í ta pà, pà, pà, bí àgbàdo nínú ìkòkò gbígbóná, kò sì dákẹ́ títí orin fi tán. Mo fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta. Mo ra omi tí wọ́n fi ń fọ àwo, mo ra búrọ́ọ̀ṣì, mo pààrọ̀ abẹ́rẹ́. Kò gbọ́. Mo kọ̀wé sí ẹni tó tà á fún mi, ó ní ojú lòun fi wò ó, òun ò gbé e sórí ẹ̀rọ. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà la fi fa ọ̀rọ̀ náà. Nígbà tó gbà pé kí n dá a padà, ó ní èmi ni máa san owó ìfìránṣẹ́, èmi náà bá fi sílẹ̀.

Nítorí náà, kí ẹ tó sanwó, ẹ bi ontà bóyá ó gbọ́ ọ tàbí ó kàn wò ó. Ẹ ní kó fi fóònù gba ìṣẹ́jú kan Losing It sílẹ̀, kó fi ránṣẹ́ sí yín. Bó bá jẹ́ ṣọ́ọ̀bù lẹ lọ, ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n gbé abẹ́rẹ́ sí orin kẹta lójú kejì. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi Subdivisions dán an wò fún yín, ohùn rẹ̀ le tó láti bo àbùkù. Ẹ tún gbọ́ Digital Man àti Countdown tó parí ojú kọ̀ọ̀kan, torí bí ipa abẹ́rẹ́ bá ti ń sún mọ́ àárín àwo ni ohùn rẹ̀ máa ń tètè bàjẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ má bínú sí ontà nítorí ohùn rédíò tó ń há nínú Countdown o: orin nípa Columbia ni, ọkọ̀ Amẹ́ríkà tó ń gbé èèyàn lọ sí gbalasa òfurufú, tí wọ́n lọ wo ìgbà tó kọ́kọ́ gbéra ní oṣù kẹrin 1981, wọ́n sì mọ̀ọ́mọ̀ fi ọ̀rọ̀ orí rédíò sínú rẹ̀.

Èyí tó bá mọ́ dùn gan-an, mi ò ní purọ́. Mo ti gbọ́ ọ nílé ọ̀rẹ́ mi kan.

Sídì 1997

Wọ́n gbé ohùn rẹ̀ sókè ju ti àtijọ́ lọ, ẹ máa ní láti dín in kù díẹ̀. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Losing It ń jáde látinú ìdákẹ́jẹ́, ẹ ó gbọ́ bí Lifeson ṣe ń fọwọ́ kan okùn gìtá. Ọdún kọkànlá rèé tí tèmi ti wà lọ́wọ́ mi, kò yí padà.

Rẹ́kọ́ọ̀dù 2015

Abbey Road, ilé ìgbohùnsílẹ̀ kan ní Lọ́ńdọ̀nù, ni wọ́n ti tún un ṣe, ó wúwo tó gíráàmù 200. Ó mọ́, ohùn ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì dúró dáadáa. Ẹ fọ̀ ọ́ kí ẹ tó gbé abẹ́rẹ́ lé e, torí tèmi kó eruku wá látinú páálí. Owó rẹ̀ kì í ṣe kékeré.

Àpótí 2023

Mi ò ní in. Rẹ́kọ́ọ̀dù, sídì, Blu-ray (àwo tó jọ sídì) àti rẹ́kọ́ọ̀dù kéékèèké mẹ́rin ló wà nínú rẹ̀. Bí ẹ ò bá ní ẹ̀rọ tó lè gbé ohùn yí yàrá ká, Blu-ray yẹn ò lè wúlò fún yín bó ṣe yẹ.

Àwọn kan ń bi mí nípa kásẹ́ẹ̀tì. Nítorí kásẹ́ẹ̀tì ni New World Man, orin kan nínú àwo yìí, fi wà: ojú méjèèjì ò gùn dọ́gba, wọ́n bá yára ṣe orin kúkúrú kan láti dí àlàfo náà, òun ló sì wá dé ipò 21 lórí àtẹ orin Billboard ní Amẹ́ríkà, tí orin wọn mìíràn ò dé rí níbẹ̀. Ìtàn yẹn dùn mọ́ mi. Síbẹ̀, téépù tó ti lé lógójì ọdún, mi ò ní fowó mi rà á.

Kálukú ló mọ ohun tó ń wá. Ẹni tó ní ẹ̀rọ tó dára, tí ṣọ́ọ̀bù sì wà nítòsí rẹ̀, kó wá ti 1982. Ẹni tó fẹ́ páálí ńlá lọ́wọ́ láìsí wàhálà, kó ra ti 2015. Bí ó bá jẹ́ pé orin náà nìkan lẹ fẹ́ gbọ́, pọ́n-ùn 4 ni mo ra sídì tèmi, kò sì tó ìdajì owó omi tí mo fi fọ àwo àti búrọ́ọ̀ṣì yẹn.