Mítà ìwọn-iyọ̀ olówó pọ́ọ́kú: ohun tójú mi rí pẹ̀lú ẹ̀ ní Awóyè

₦22,000 ni mo rà á lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Kò tóbi ju bíírò méjì lọ, ó ń wọn iyọ̀ inú omi, ó sì ń wọn pH, ìyẹn bí nǹkan ṣe kan tó: bó bá ṣe wálẹ̀ sí lábẹ́ 7 ni ásíìdì ibẹ̀ ṣe ń le sí i. Ìràwọ̀ 3 nínú 5 ni tèmi.

Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi ń gbin ẹ̀gbà, igi inú omi oníyọ̀ tí òyìnbó ń pè ní mangrove, ní Awóyè, ní Ìlàjẹ. Ẹni tó mọ ibẹ̀ á rántí kánààlì tí wọ́n gbẹ́ nítorí epo rọ̀bì láyé ọdún 1970 sí 1980. Ibẹ̀ ni òkun gbà wọlé, tí igi inú irà olómi dídùn fi gbẹ lóòró. Ẹ̀gbà 200 la gbìn lọ́dún tó kọjá, kò ju 60 tó yè. Gbogbo èèyàn ní iyọ̀ ló pa á. Iyọ̀ kẹ̀? Ẹ̀gbà!

Mo ki mítà bọ omi òkun, ó ní "Err". Àṣé kì í kà ju 20 mS lọ (mS ni ìwọ̀n tó fi ń ka iyọ̀ inú omi), omi òkun sì ń lọ sí 50. Ẹni tó tà á ò sọ ọ́. Ọgbọ́n tí mo dá ni pé mo bu ife omi òkun kan sí ife omi òjò mẹ́rin, mo wá ṣe iye tó kà lọ́nà márùn-ún. Kò ṣe géérégé, àmọ́ ó sún mọ́ ọn.

Ẹ má kì í bọ ẹrẹ̀ o, gíláàsì ni ẹnu ẹ̀. Ẹrẹ̀ ṣíbí kan, omi òjò ṣíbí márùn-ún, ẹ mì í dáadáa, ẹ jẹ́ kó tòrò. Níbi tí ẹ̀gbà ti yè, pH 6.7. Lórí òkìtì ẹrẹ̀ tí wọ́n wú sí bèbè kánààlì, níbi tí ẹ̀gbà ti kú, 3.4! Iyọ̀ tiẹ̀ kéré níbẹ̀, òjò ti fọ̀ ọ́ lọ. Ẹrẹ̀ dúdú tó ń rùn bí ẹyin òbu yẹn, imí ọjọ́ ló wà nínú ẹ̀. Tí omi bá bò ó, kò síjà. Tí atẹ́gùn bá kàn án, á di ásíìdì, irú inú bátìrì ọkọ̀ gan-an. Àbàwọ́n aláwọ̀ ìyeyè tó wà lára òkìtì náà, ìgbẹ́ ẹyẹ ni mo pè é tẹ́lẹ̀, àṣé àmì ásíìdì yẹn ni.

Màmá wa ní kí la fẹ́ fi mítà ṣe, ká lá ewé ògbun, igi irà oníyọ̀ míì. Òótọ́ ni, iyọ̀ wà lójú ewé ẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ lá ẹrẹ̀ bèbè kánààlì?

Ẹ̀gbọ́n mi ti ń wa òkìtì náà wálẹ̀ báyìí, kí omi lè máa bò ó tó bá kún. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ra mítà yìí, ẹ kọ́kọ́ bi wọ́n pé mélòó ló ń kà dé. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnu ẹ̀ gbẹ. Tèmi gbẹ lóṣù kejì, ìyẹ̀fun pH 4.01 àti 6.86 tó bá a wá, èyí tí wọ́n fi ń tún mítà ṣètò, ni mo pò mọ́ omi tó fi jí.