Ilé onígbà díẹ̀ fún mantis shrimp: ike, dígí, àbí akirílíìkì?

Tí ẹ bá fẹ́ tún táǹkì ẹja yín ṣe, tí mantis shrimp (ẹranko òkun tó jọ edé) sì ń gbé inú rẹ̀, ẹ ti ní láti ra ibi tó máa wọ̀ sí kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ohun mẹ́rin ló sábà máa ń wà lọ́jà: bọ́kẹ́ẹ̀tì, àpótí ike onídèérí, táǹkì dígí kékeré àti táǹkì akirílíìkì (ike líle tó mọ́ gaara bíi dígí). Èmi fọwọ́ sí àpótí ike.

Bọ́kẹ́ẹ̀tì olítà 20 kò wọ́n rárá, àmọ́ omi inú rẹ̀ kéré, ìdọ̀tí ara ẹranko náà á sì tètè bà á jẹ́. Ẹ fi gbé e láti yàrá kan bọ́ sí èkejì, ó parí.

Dígí ló dùn-ún wò jù, òun náà ló sì ń bà mí lẹ́rù jù. Irú rẹ̀ kan, peacock mantis shrimp, kì í gùn ju sẹ̀ǹtímítà 18 lọ, síbẹ̀ ẹ̀ṣẹ́ rẹ̀ lè sáré tó mítà 23 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Òun ló fi ń fọ́ akàn àti ìgbín òkun jẹ. Lọ́dún 1998, ní Great Yarmouth nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀kan tí wọ́n ń pè ní Tyson lu dígí táǹkì rẹ̀ fọ́. Dígí táǹkì kékeré sì rèé, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni! Tí tiyín bá jẹ́ irú èyí tó ń fi ẹ̀gún ọwọ́ gún ẹja, ẹ̀rù rẹ̀ dín díẹ̀.

Akirílíìkì kì í fọ́ wẹ́wẹ́, ara rẹ̀ kàn máa ń tètè ní àpá ni. Ó wọ́n. Ẹni tó máa sọ ọ́ di ilé rẹ̀ títí lọ ló yẹ kó náwó sí i.

Àpótí ike tó gba olítà 50 tàbí jù bẹ́ẹ̀ ló yẹ iṣẹ́ yìí. Ike rẹ̀ máa ń rọ̀ tí ẹ̀ṣẹ́ bá bà á, òkùnkùn inú rẹ̀ sì máa ń fi ẹranko náà lọ́kàn balẹ̀. Ẹ ra tuntun: èyí tó ti gba ọṣẹ tàbí oògùn ẹja rí kò dáa, torí bàbà tó wà nínú oògùn mìíràn máa ń pa edé. Ẹ má bu omi kún un dẹ́nu, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ á wú síta. Ẹ lu ihò sí ìdérí rẹ̀ kí afẹ́fẹ́ lè wọlé, kẹ́ ẹ sì dè é pa, nítorí ó lè jáde.

Omi táǹkì àtijọ́ ni kẹ́ ẹ lò, kí iyọ̀ rẹ̀ wà ní 1.025 lórí ohun tí wọ́n fi ń wọn iyọ̀ omi (specific gravity). Fóòmù fílítà tó ti ń ṣiṣẹ́ nínú táǹkì yẹn náà ni kẹ́ ẹ gbé wá. Tuntun kò tíì ní kòkòrò àìfojúrí tó ń jẹ ìdọ̀tí. Ẹ fi nǹkan bo hítà, kó má lù ú fọ́. Tí ẹranko náà bá wà nínú páìpù tó fi ṣe ilé, tòun ti páìpù ni kẹ́ ẹ gbé e. Ẹ má fọwọ́ kàn án: ó ń la ìka.

Tó bá ti fi òkúta dí ẹnu ihò rẹ̀, tí kò jẹun mọ́, ó ṣeé ṣe kó fẹ́ bọ́ ìkarahun ni. Ẹ sọ fún ẹni tó ń bá yín tún táǹkì ṣe pé kó ṣì dúró.