Áàpù tó gbé "jàre" mì: oṣù kan tí mo fi túmọ̀ ọ̀rọ̀ sí Esperanto

Kubwa ní Àbújá níbí ni mo ti lo áàpù yìí fún oṣù kan gbáko, ₦4,500 ni mo san. Mo ní ọ̀rẹ́ kan ní Brazil tí a jọ ń fi ohùn ránṣẹ́ síra wa lórí WhatsApp. Mi ò gbọ́ Pọtogí, òun náà ò gbọ́ Yorùbá, Esperanto, èdè tí wọ́n dìídì ṣẹ̀dá kí àwọn tí èdè wọn yàtọ̀ lè fi gbọ́ ara wọn yé, ló pa wá pọ̀. Tèmi ò sì tíì dán mọ́nrán, ni mo bá lọ ra áàpù tí wọ́n ní ó ń túmọ̀ Yorùbá tààrà.

Kí n má parọ́, tó bá jẹ́ gbólóhùn gidi, ó gbìyànjú. Mo ní "Mo ra tòmátì lánàá", ó kọ "Hieraŭ mi aĉetis tomatojn". Ó rántí "n" tó máa ń parí orúkọ ohun tí èèyàn rà, èyí tí èmi fúnra mi máa ń gbàgbé.

Àwọn ọ̀rọ̀ kéékèèké tí a fi ń mí láàárín ọ̀rọ̀ ló tú àṣírí ẹ̀. Mo ń ròyìn súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Nyanya fún ọ̀rẹ́ mi, mo ní "Ṣé o rí i, ọ̀nà yẹn ò dáa." Áàpù kọ "Ĉu vi vidas ĝin?", ìyẹn "ṣé ò ń fojú rí i?" Ọ̀rẹ́ mi fèsì: "Kion mi vidu?" Kí lòun fẹ́ wò? Ó rò pé mo fi fọ́tò ránṣẹ́ ni. "Àbí" di "aŭ", ìyẹn "tàbí", bẹ́ẹ̀ "ĉu ne?" ló yẹ ibẹ̀. "Jàre" ò tiẹ̀ jáde rárá. Ẹ wá wo "tóò" tí ẹnu mi kì í kúrò lórí ẹ̀ látìgbà tí mo ti ń bá àwọn Hausa gbé: ó di "ankaŭ", "pẹ̀lú". Ibẹ̀ ni mo ti já a. "Too" ti Gẹ̀ẹ́sì ló gbọ́! Ó ń kọ́kọ́ gba Gẹ̀ẹ́sì kọjá ni. Tààrà wo ni wọ́n wá ń pariwo?

Esperanto fúnra ẹ̀ ò kúkú ṣaláìní irú ọ̀rọ̀ kéékèèké bẹ́ẹ̀. "Nu" ni "tóò" gan-an. "Ja" ń ṣe iṣẹ́ "mà": "Mi ja diris", mo mà sọ bẹ́ẹ̀. Zamenhof tó gbé èdè yìí jáde ní 1887, Białystok ni wọ́n bí i sí, níbi tí Yiddish, Polish, Rọ́ṣíà àti Jámánì ti ń dà pọ̀ bíi Mararaba tiwa. Ẹni tó gbọ́ irú ariwo bẹ́ẹ̀ dàgbà, báwo ló ṣe máa gbàgbé "nu"?

Mo kọ̀wé sí àwọn tó ni áàpù náà. Èsì tí wọ́n fọ̀ ni pé kí n máa yọ "ọ̀rọ̀ tí kò pọn dandan" kúrò kí n tó sọ̀rọ̀. Ẹ gbà mí o. Ọmọ Yorùbá wo ló fẹ́ sọ̀rọ̀ tán láìfi "jàre" sí i?

Ní báyìí, mo máa ń sọ gbólóhùn náà ní ṣókí fún un, màá wá fọwọ́ ara mi fi ìyókù kún un. Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo fi "Nu, la vojo ja estas malbona, ĉu ne?" ránṣẹ́, ìyẹn "Tóò, ọ̀nà yẹn mà burú, àbí?" Ọ̀rẹ́ mi rẹ́rìn-ín, ó ní "Jes ja!", bẹ́ẹ̀ mà ni!

Ìràwọ̀ méjì. Mi ò san ti oṣù tó ń bọ̀.