Àyẹ̀wò àrùn ìbálòpọ̀ tí à ń ṣe nílé ní Lọ́ndọ̀nù

Àwọn ìjọba ìbílẹ̀ ní Lọ́ndọ̀nù ń san owó iṣẹ́ kan tí ó yẹ kí gbogbo Yorùbá tó ń gbé ní Peckham àti agbègbè rẹ̀ mọ̀ dáadáa. Ènìyàn yóò béèrè fún àpótí àyẹ̀wò lórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọn yóò fi í ránṣẹ́ sí i nínú àpò tí kò ní àmì kankan lára, yóò gba ìtọ̀ tàbí omi ojú ara àti ẹ̀jẹ̀ ìka fúnra rẹ̀, yóò sì dá a padà láìsan kọ́bọ̀. Kilamídíà, àtọ̀sí, sífílíìsì àti kòkòrò HIV ni wọ́n ń wò, orí fóònù sì ni èsì ń gbà wọlé.

Iṣẹ́ náà ń so èso. Nígbà tí SH:24, iṣẹ́ ìlera ìbálòpọ̀ orí íntánẹ́ẹ̀tì, gbé irú rẹ̀ kalẹ̀ ní Lambeth àti Southwark ní Lọ́ndọ̀nù, ìwádìí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2017 fi hàn pé ìdajì àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n fi ètò náà hàn ni ó ṣe àyẹ̀wò láàárín ọ̀sẹ̀ 6, àmọ́ nínú àwọn tí wọ́n kàn júwe kílíníìkì fún, wọn kò ju nǹkan bí 27 nínú ọgọ́rùn-ún lọ.

Ẹ̀jẹ̀ gbígbà ni ó nira jù. Bí ẹ̀jẹ̀ inú ìgò kékeré náà kò bá tó, yàrá àyẹ̀wò kò ní lè lò ó, nítorí náà kí ẹ fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ wẹ ọwọ́, kí ẹ sì dìde dúró kí ẹ tó gún ìka. Ẹni tí ara ń ro tàbí tí ọyún ń jáde lára rẹ̀ kò gbọdọ̀ dúró de àpótí rárá. Kílíníìkì ni kí ó gbà lọ. Ní England, ìtọ́jú àrùn wọ̀nyí jẹ́ ọ̀fẹ́ fún ẹnikẹ́ni, yálà ó ní ìwé ìgbélùú tàbí kò ní, ti HIV náà sì ti di ọ̀fẹ́ láti oṣù kẹwàá ọdún 2012. Wọ́n máa ń fi oògùn oníhóró tọ́jú kilamídíà fún ọjọ́ 7, ṣùgbọ́n abẹ́rẹ́ ni wọ́n ń gún fún àtọ̀sí, nítorí pé kòkòrò rẹ̀ ti ń borí ọ̀pọ̀ oògùn.

Ohun tí mo mọ rírì rẹ̀ jù lọ ni bí wọ́n ṣe ń wá àwọn tí aláìsàn ti bá lòpọ̀. Bí ó bá jẹ́ kilamídíà tí kò fi àmì hàn, wọn yóò béèrè nípa oṣù 6 tó kọjá, bí ìtìjú kò bá sì jẹ́ kí ẹ lè sọ ọ́ fúnra yín, wọ́n lè bá yín fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ láìdárúkọ yín. Láìsí èyí, ọkọ àti aya yóò kàn máa kó o ran ara wọn ni. Lóòótọ́, ẹni tí kò ní ju olólùfẹ́ kan lọ yóò mọ ẹni tó rán an, iṣẹ́ náà kò sì dé Nàìjíríà. Bí ọkọ tàbí aya yín bá wà ní Ìbàdàn, ẹ béèrè fún ìwé tí orúkọ àrùn náà wà nínú rẹ̀, kí dókítà ọ̀hún lè mọ ohun tí yóò tọ́jú.