CH341A: Ẹ̀rọ Kékeré Tó Ń Gba BIOS Là, àti Ohun Tó Yẹ Kí A Mọ̀ Kí A Tó Lò Ó

Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ fọwọ́ kan BIOS kọ̀ǹpútà rẹ̀, ìyẹn ètò tó ń jí kọ̀ǹpútà nígbà tí a bá tàn án, yálà ó fẹ́ fi ẹ̀dà tuntun sí i ni tàbí ó fẹ́ yí ohun tí ilé iṣẹ́ kọ sínú rẹ̀ padà, kò gbọdọ̀ bẹ̀rẹ̀ láìní ọ̀nà tí yóò fi dá a padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ bí kọ̀ǹpútà náà bá kọ̀ tí kò tan mọ́. Ọ̀nà tó rọrùn jù tí mo mọ̀ ni púrógírámà CH341A, ẹ̀rọ tó ń ka chip tó sì ń kọ nǹkan sínú rẹ̀: bọ́ọ̀dù dúdú kékeré kan tí a ń ki bọ ojú USB, tí wọ́n sábà máa ń tà pọ̀ mọ́ kílíìpù tó ń di chip ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́jọ mú. Owó rẹ̀ kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó mọ́dábọ́ọ̀dù tí ó lè gbà là. Mo fọwọ́ sí i pé kí gbogbo ẹni tó ń tún láptọ́ọ̀pù ṣe ní in, ṣùgbọ́n àbùkù kan wà lára èyí tó wọ́pọ̀ jù lọ́jà tí ẹni tó rà á gbọ́dọ̀ mọ̀ kó tó fi kan chip kankan.

Inú chip kékeré kan lórí mọ́dábọ́ọ̀dù ni BIOS wà, ohun tó wà nínú rẹ̀ sì ni kọ̀ǹpútà kọ́kọ́ ń kà nígbà tí a bá tàn án. Bí a bá lo ètò tí ilé iṣẹ́ ṣe láti fi sọ BIOS di tuntun, kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ ló ń nu chip yẹn tó sì ń kọ nǹkan mìíràn sí i, nítorí náà bí iná bá lọ lágbedeméjì iṣẹ́, tí báàtìrì kò sì lágbára, kọ̀ǹpútà kò ní ohun tí yóò kà láti fi jí mọ́. Àwa tí a ń gbé níbi tí iná ti ń lọ láìsọ tẹ́lẹ̀ kò gbọdọ̀ fi èyí ṣeré. Fáírọ́ọ̀sì pàápàá lè ṣe irú iṣẹ́ yẹn: CIH, tí akẹ́kọ̀ọ́ kan kọ ní Taiwan lọ́dún 1998, ba BIOS ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà jẹ́ lọ́jọ́ 26 oṣù Kẹrin ọdún 1999. Púrógírámà kò béèrè pé kí kọ̀ǹpútà tó kú náà kọ́kọ́ jí, nítorí kọ̀ǹpútà mìíràn ló ń bá chip rẹ̀ sọ̀rọ̀ ní tààrà.

Àbùkù tí mo sọ nìyí. Ọ̀pọ̀ chip BIOS inú àwọn mọ́dábọ́ọ̀dù àtijọ́, irú W25Q64FV ti Winbond àti àwọn MX25L ti Macronix, ń lo fóltéèjì 3.3. Bọ́ọ̀dù dúdú yìí ń gbé 3.3 lọ sí ẹsẹ̀ tó ń gba iná lára chip lóòótọ́, àmọ́ nítorí pé 5 tó ń ti USB wá ni wọ́n fi ń bọ́ CH341A fúnra rẹ̀, àmì tó ń gba àwọn wáyà yòókù kọjá ń dé ọ̀dọ̀ chip ní 5. Ọ̀pọ̀ chip ń fara dà á, ìdí nìyẹn tí àwọn kan fi ń sọ pé àwọn ti ń lò ó tipẹ́ tí nǹkan kan kò ṣe. Síbẹ̀ ó ju ìwọ̀n tí àwọn tó ṣe chip náà fàyè gbà lọ. Bí a bá sì fi kílíìpù di chip mú láìyọ ọ́ kúrò lára mọ́dábọ́ọ̀dù, àmì kan náà lè dé ara chipset, chip ńlá tó ń darí mọ́dábọ́ọ̀dù, èyí tí kò ṣeé fi owó kékeré pààrọ̀. Àtúnṣe tí àwọn tó mọṣẹ́ ń ṣe ni pé wọ́n á gbé ẹsẹ̀ kejìdínlọ́gbọ̀n CH341A kúrò lára bọ́ọ̀dù, wọ́n á fi wáyà tín-ínrín àti lẹ́ẹ̀dì tí a ń yọ́ láti fi jó irin pọ̀ so ó pọ̀ mọ́ ẹsẹ̀ kẹsàn-án, wọ́n á sì so méjèèjì mọ́ ibi tí 3.3 ti ń jáde. Ẹni tí irú iṣẹ́ yẹn kò bá mọ́ lára, kí ó ra ẹ̀dà tuntun tó ní swíìṣì tí a fi ń yan 1.8, 2.5, 3.3 tàbí 5. Èyí ni èmi fẹ́ràn jù, nítorí pé ọ̀pọ̀ láptọ́ọ̀pù tó jáde lẹ́yìn àwọn mọ́dábọ́ọ̀dù àtijọ́ yẹn ń lo chip 1.8, tí 3.3 lè bà jẹ́. Orúkọ tí wọ́n kọ sí ẹ̀yìn chip ló ń fi èyí hàn, ìyàtọ̀ rẹ̀ sì lè jẹ́ lẹ́tà kan ṣoṣo: W25Q64FV ń lo 3.3, W25Q64FW ń lo 1.8. Kí a fi iná tó mọ́lẹ̀ dáadáa wò ó kí a tó so ohunkóhun mọ́ ọn.

Kílíìpù tó ń bá a wá kò tẹ́ mi lọ́rùn rárá. Eyín rẹ̀ kì í pẹ́ yẹ̀, wáyà rẹ̀ gùn, bí ọwọ́ bá sì kàn án díẹ̀ nígbà tó ń ka chip lọ́wọ́, ohun tó kà ti di ìdàrúdàpọ̀. Kílíìpù Pomona 5250 wọ́n ju púrógírámà gan-an lọ, síbẹ̀ bí owó bá wà, ibẹ̀ ni mo rò pé ó yẹ kó lọ. Kí a yọ ṣájà, kí a yọ báàtìrì ńlá àti báàtìrì rébété ti CMOS tó ń tọ́jú aago kọ̀ǹpútà, kí a sì rí i pé wáyà pupa wà níhà ibi tí ojú kékeré tó ń tọ́ka sí ẹsẹ̀ kìíní wà lára chip. Kíkà ló gbọ́dọ̀ ṣáájú kíkọ. Fáìlì tí a bá kà láti inú chip 8 MB gbọ́dọ̀ jẹ́ 8,388,608 báìtì gẹ́lẹ́. Bó bá sì jẹ́ FF, àmì tó ń fi ibi òfìfo hàn, ló kún inú rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé eyín kílíìpù kò kan ẹsẹ̀ chip ni. Kí a kà á lẹ́ẹ̀mejì ó kéré tán, kí a fi sha256sum, ètò tó ń ṣírò àmì ìdánimọ̀ fáìlì, wò ó bóyá fáìlì méjèèjì bára mu, bí ẹni tó ń tún owó rẹ̀ kà kó tó kúrò níwájú akọ̀wé bánkì. Bí wọn kò bá bára mu, kí a má tíì kọ ohunkóhun.

Ètò orí díìsìkì tó sábà ń bá a wá kò wúlò fún mi. Flashrom ni mo ń lò lórí Linux. Ọ̀fẹ́ ni, ó mọ CH341A, tó bá sì kọ̀wé tán, ó máa ń tún un kà láti rí i pé ohun tó kọ ló wà níbẹ̀. ThinkPad X230 ti ọdún 2012, tí àwọn tòkunbọ̀ rẹ̀ pọ̀ ní Computer Village ní Ìkẹjà, jẹ́ àpẹẹrẹ tó dára. BIOS rẹ̀ kì í gba káàdì Wi-Fi tí kò sí nínú àkójọ tí Lenovo fọwọ́ sí, ìdí kan nìyẹn tí àwọn èèyàn fi ń yí i padà tàbí tí wọ́n fi ń fi coreboot, ètò ọ̀fẹ́ tó ń ṣe iṣẹ́ BIOS, rọ́pò rẹ̀. Chip méjì ló wà nínú rẹ̀, 8 MB àti 4 MB, a sì gbọ́dọ̀ ka méjèèjì, kí a pa fáìlì wọn mọ́ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí a má sì ṣe kọ ti ọ̀kan sínú èkejì.

Fáìlì tí a kà láti inú kọ̀ǹpútà wa yẹn kò ní ààrọ̀. Nọ́ḿbà ìdánimọ̀ kọ̀ǹpútà wà nínú rẹ̀. Lórí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ Intel, àdírẹ́ẹ̀sì MAC, nọ́ḿbà tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì fi ń dá ẹ̀rọ mọ̀, wà níbẹ̀ pẹ̀lú apá tí Intel ME, kọ̀ǹpútà kékeré tó wà nínú chipset, ń lò, àti kọ́kọ́rọ́ Windows fún àwọn tó bá Windows 8 tàbí èyí tó tẹ̀ lé e jáde. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi fara mọ́ àṣà kí a gba fáìlì BIOS ẹlòmíràn lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí a sì kọ gbogbo rẹ̀ sínú chip bó ṣe wà. Kọ̀ǹpútà náà lè tan o, ṣùgbọ́n ìdánimọ̀ ẹ̀rọ mìíràn ni yóò máa gbé kiri, apá ME tí kò bá a mu sì lè mú kó máa kú fúnra rẹ̀ lẹ́yìn nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú.

Agbára CH341A ní ààlà. Láti ìran kẹrin Intel Core lọ́dún 2013, ilé iṣẹ́ tó ṣe kọ̀ǹpútà lè lo Boot Guard, ààbò tó ń yẹ BIOS wò, tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà ní títì pa sínú chipset tàbí púrósẹ́sọ̀, tí kì í jẹ́ kí kọ̀ǹpútà tan bí a bá yí apá tó ń ṣọ́ padà. Lórí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, púrógírámà wúlò láti dá BIOS tòótọ́ padà, kò lè mú kó gba èyí tí a ti yí níbẹ̀. Ní ti kọ̀ǹpútà orí tábìlì, ọ̀pọ̀ mọ́dábọ́ọ̀dù ASUS, MSI àti Gigabyte ní bọ́tìnnì tí a lè tẹ̀ láti fi kọ BIOS láti inú fláàṣì, kódà láìsí púrósẹ́sọ̀ lórí rẹ̀, ẹni tó bá sì ní in kò nílò láti ra CH341A kìkì láti fi sọ BIOS di tuntun. Àmọ́ kíkọ nìkan ni bọ́tìnnì yẹn mọ̀, kì í ka ohun tó wà nínú chip jáde fún wa láti tọ́jú.