Tutóríà JAMB kan ní Sàbó Ìkòròdú, fún ẹ̀yin tí gírédì yín ò dáa tẹ́ ẹ ṣì fẹ́ ṣe mẹ́dísìn

Ẹ kú alẹ́ o. Ó ti pẹ́ tí mo ti ṣèlérí fún àwọn méjì kan pé màá kọ nǹkan nípa ibi tí mo ti ń gba tutóríà, iṣẹ́ ni ò jẹ́ kí n ráyè. Mi ò ní dárúkọ wọn torí mo máa sọ ibi tó kù díẹ̀ káàtó lọ́dọ̀ wọn, mi ò sì fẹ́ wàhálà, àmọ́ ẹni tó bá ń rìn ní Sàbó dáadáa á mọ ibẹ̀. Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni, ẹni tó ń ta ìbọ̀sẹ̀ àti bẹ́líìtì ló wà nísàlẹ̀, àtẹ̀gùn ẹ̀ há débi pé tẹ́nì kan bá ń sọ̀ kalẹ̀, ẹni tó fẹ́ gòkè á kọ́kọ́ dúró síta.

Kí n tó débẹ̀, ẹ jẹ́ n sọ ẹrù tí mo gbé lọ. Microbiology ni mo kà, 2.71 ni CGPA mi, ìyẹn àpapọ̀ gírédì mi, nínú 5, 2:2 (second class lower) nìyẹn. Ọdún kejì ló ba gbogbo ẹ̀ jẹ́, màmá mi ń ṣàìsàn nígbà yẹn, èmi ni mò ń lọ gbé ẹja ní Ẹ̀bútè láàárọ̀ kí n tó sáré lọ sí kíláàsì, ìgbà míì mo máa débẹ̀ tí òórùn ẹja ṣì wà lára mi, ìgbà míì mi ò tiẹ̀ ní débẹ̀ rárá. Màmá gbádùn, ọpẹ́ ni f'Ólúwa, àmọ́ D àti E tó wà nínú transcript ò bá àìsàn lọ.

Lẹ́yìn tí mo sìnlú tán lọ́kàn mi padà sórí mẹ́dísìn. Ọmọ àǹtí mi tó wà ní Houston lẹni tí mo kọ́kọ́ bi, ó sì ṣàlàyé títí. Lọ́dọ̀ wọn ní Amẹ́ríkà, ẹ ti gbọ́dọ̀ ní dìgírì kan kẹ́ ẹ tó wọ ilé ìwé ìṣègùn, ọdún mẹ́rin ni wọ́n ń lò níbẹ̀, MCAT ni ìdánwò wọn, 472 ló kéré jù, 528 ló ga jù, GPA yín sì wà lára ohun tí wọ́n máa kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Kódà tẹ́ ẹ bá tún kọ́ọ̀sì kan ṣe, AMCAS tí wọ́n fi ń fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́ á ka máàkì àkọ́kọ́ mọ́ ti ìkejì ni, kò sí pé ẹ pa àkọ́kọ́ rẹ́. Ìdí nìyẹn tí àwọn tí gírédì wọn ò dáa níbẹ̀ ṣe ń lọ ka nǹkan tí wọ́n ń pè ní post-bac, àwọn kọ́ọ̀sì lẹ́yìn dìgírì àkọ́kọ́, kí GPA wọn lè gbéra díẹ̀. Bí èmi náà ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í wá post-bac kiri nìyẹn o, èmi tí mò ń gbé Agric ní Ìkòròdú níbí!

Ẹ̀yìn ìyẹn ni mo wá bọ́ sọ́wọ́ ajẹ́ntì kan ní Gáréèjì. Ó ní òun mọ èèyàn nínú yunifásítì, pé wọ́n máa bá mi tún gírédì ṣe fún Direct Entry (DE), ọ̀nà tí ẹni tó ti ní dìgírì ń gbà wọlé láìgba JAMB ti àwọn ọmọ sẹ́kọ́ńdìrì, ₦350,000, kí n kọ́kọ́ mú ₦80,000 wá. Mo mú un wá. Ẹ má bi mí ní nǹkan míì.

Ọjọ́ tí mo wá dé tutóríà yìí, ọ̀gá tó ń kọ́ wọn ní físíìsì ló gbà mí, òun náà ló ni ibẹ̀. Ó rí i pé mo ju àwọn ọmọ yòókù lọ ló bá ń pè mí ní Àǹtí. Ó ní, "Àǹtí, ẹ jẹ́ n rí ìwé èsì yín." Mo ní, "Ẹ má bínú sà, kò dáa o." Ó wò ó bí ìṣẹ́jú kan, ó ká a padà, ó tì í sí mi lọ́wọ́. "Ẹ lọ tọ́jú ẹ̀ sínú àpótí. WAEC yín ni mo fẹ́ rí."

Ó mú máàkà, ó kọ ọ́ sójú bọ́ọ̀dù: bí Unilag ṣe ń ro máàkì ẹni tó fẹ́ wọlé nínú 100, máàkì JAMB ẹ fi 8 pín in, ìyẹn 50. Post-UTME, ìdánwò tí yunifásítì fúnra ẹ̀ ń ṣe lẹ́yìn JAMB, 30. WAEC 20. Ó wá kọjú sí mi, "Àǹtí, CGPA dà níbẹ̀?" Mo wo bọ́ọ̀dù yẹn títí, mi ò rí i. Ó ní Ìbàdàn tiẹ̀ kúrú jù bẹ́ẹ̀ lọ, JAMB ẹ fi 8 pín in, post-UTME ẹ fi 2 pín in, ó parí. Ó ní gbogbo ohun tí ọmọ àǹtí mi sọ, òótọ́ ni, àmọ́ Amẹ́ríkà nìyẹn, níbi tí dìgírì àkọ́kọ́ ti jẹ́ ẹnu ọ̀nà. Níbí, tẹ́ ẹ bá gba JAMB bí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde sẹ́kọ́ńdìrì, ẹnì kan ò ní bi yín léèrè ohun tẹ́ ẹ gbà nínú CHM 201, kọ́ọ̀sì kẹ́mísìrì ní yunifásítì.

Mo ní DE ńkọ́ sà, ṣebí 200 level lèèyàn á ti bẹ̀rẹ̀? Ó rẹ́rìn-ín. "Ibẹ̀ ni wọ́n á ti wo dìgírì yín. Ẹ̀yin àtàwọn first class àtàwọn 2:1 lẹ jọ máa du ìwọ̀nba ààyè. Ọdún kan tẹ́ ẹ fẹ́ jèrè, ọdún mẹ́ta lẹ máa fi wá a." Ó ní MDCN, ìgbìmọ̀ tó ń ṣàkóso iṣẹ́ dókítà ní Nàìjíríà, ló ń gé iye ọmọ tí yunifásítì kọ̀ọ̀kan lè gbà fún mẹ́dísìn, kì í ṣe gààrí tí wọ́n kàn máa bù sí i fún yín. Ó tún rán mi létí LASU, pé Ìkẹjà ni kọ́lẹ́ẹ̀jì ìṣègùn tiwọn wà, ti ìpínlẹ̀ sì ni, ọmọ Ìkòròdú bíi tèmi kí n má gbàgbé ìwé local government mi nílé.

Ibi tó tà mí jù ni WAEC. Nínú 20 Unilag yẹn, A1 jẹ́ 4, B2 3.6, B3 3.2, C4 2.8, bẹ́ẹ̀ ló ń lọ sísàlẹ̀ títí dé C6 tó jẹ́ 2. Tèmi: báyọ́lọ́jì A1, máàsì B2, gẹ̀ẹ́sì àti kẹ́mísìrì B3, físíìsì C4. 16.8 nínú 20. Mo ní ẹ jẹ́ n lọ fi GCE tún físíìsì yẹn ṣe kó di A1. Ó ní 1.2 péré lẹ máa rí, mẹ́dísìn sì ń béèrè ìjókòó kan ṣoṣo, ìyẹn ni pé gbogbo márààrún lẹ máa tún jókòó fún. Máàkì mẹ́wàá ní JAMB jẹ́ 1.25. "Èwo ló yá nínú méjèèjì?" Ajẹ́ntì gba ₦80,000 kò sọ ìdajì èyí fún mi, ọ̀gbẹ́ni yìí ò tíì gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ mi nígbà tó ń sọ ọ́.

Ó dáa, ẹ̀kọ́ gan-an ńkọ́? Físíìsì wọn, mi ò rí irú ẹ̀ rí, kódà ní yunifásítì. Ọjọ́ tá a ṣe pressure, ó gbé pure water kan sókè, ó fi abẹ́rẹ́ lù ú níhò mẹ́ta láti òkè dé ìsàlẹ̀, ihò ìsàlẹ̀ lomi ẹ̀ ta jìnnà jù, èmi tí mo jókòó níwájú ni gbogbo ẹ̀ dà sí lára. Mi ò gbàgbé pressure mọ́ látọjọ́ yẹn. Kẹ́mísìrì náà dáa. Báyọ́lọ́jì ò lórí ò nídìí, ẹni tó ń kọ́ ọ máa ń pẹ́ dé, á kàn máa ka nóòtì sétí wa, èmi tí mo ka Microbiology ni àwọn ọmọ wá ń bi ní ìbéèrè. (Ìyá Kópà ni wọ́n ń pè mí, torí ẹ̀wù NYSC tí mo wọ̀ lọ níjọ́ kìíní.) Gẹ̀ẹ́sì ló bí mi nínú jù, wọn ò ní tíṣà ẹ̀ rárá, ìbéèrè 60 sì ni gẹ̀ẹ́sì nínú 180 tí JAMB ń gbé wá, àwọn mẹ́ta tó kù 40, 40. Fóònù mi ni mo fi kọ́ ara mi.

Sátidé ni wọ́n ń ṣe mock lórí kọ̀ǹpútà, láptọ́ọ̀pù mọ́kànlá, àwa bí ọgbọ̀n, nítorí náà ẹ tètè dé, ẹ má sì jókòó sídìí nọ́ńbà 4, máúsì ẹ̀ ti kú. Wákàtí méjì bíi ti JAMB. Èyí tí mo kọ́kọ́ ṣe, 131 ni mo dé nínú 180 tí àkókò fi tán, ọwọ́ mi ò yá rárá. Mo tó ṣe é lẹ́ẹ̀kẹfà kí n tó parí ẹ̀ rí.

₦18,000 lóṣù, fọ́ọ̀mù ₦3,000. Owó epo jẹnẹrétọ̀, wọn ò sọ ọ́ tẹ́lẹ̀, ₦500 lójoojúmọ́ tí NEPA bá mú iná lọ, ẹ̀yin náà sì mọ bí iná ṣe rí lápá ibí. Nǹkan míì tún ni pé wọ́n ṣe kíláàsì lọ́jọ́ Orò. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé àwa obìnrin máa jáde ni? Àwọn ọkùnrin lọ, wọ́n wá ya bọ́ọ̀dù ní fọ́tò sórí WhatsApp fún wa, ó ṣú bàìbàì, mo bẹ̀ wọ́n títí kí wọ́n tún un kọ́, wọn ò dá mi lóhùn. Ìyẹn ni mo ṣe gé ìràwọ̀ kan lára wọn, mẹ́rin nínú márùn-ún ni mo fún wọn.

Lọ́dún tí mo dá kàwé nílé, 247 ni mo gbà ní JAMB. Lẹ́yìn oṣù márùn-ún lọ́dọ̀ wọn, 291. Ẹ fi 8 pín in, 36.375, ẹ ro 16.8 mọ́ ọn, 53.175, ó ku post-UTME. Sátidé tó ń bọ̀ ni mò ń padà síbẹ̀ fún ìyẹn, mo ti ra tìmùtìmù kékeré kan ní ₦2,500, torí bẹ́ǹṣì wọn yẹn, á há èèyàn ní ìdí.