Kámẹ́rà olókùn tí mo fi dá dáṣíbọ́ọ̀dù Peugeot 504 bàbá mi padà sáyè rẹ̀

Oṣù mẹ́ta gbáko ni dáṣíbọ́ọ̀dù mọ́tò bàbá mi fi wà lórí tábìlì ní pálọ̀ wa ní Ìsọ̀kùn, ní Iléṣà níbí. Títú u kò le, ọ̀sán kan péré ni mo fi ṣe é. Dídá a padà ló fẹ́rẹ̀ẹ́ sú mi pátápátá, kámẹ́rà kékeré kan ló sì gbà mí sílẹ̀. Òun ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀, ibi tó dára sí àti ibi tó kù sí.

Ọdún 1983 ni bàbá mi ra 504 náà, ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n tò ní Kàdúná, níbi tí wọ́n ti ń to Peugeot láti ọdún 1975. Oòrùn ti la ojú dáṣíbọ́ọ̀dù rẹ̀ bí ilẹ̀ àbàtà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Mo gbé e fún àwọn tó ń ṣe àga mọ́tò, wọ́n fi fóòmù àti lẹ́ẹ̀dà tuntun bò ó. Ó rẹwà lójú lóòótọ́, àmọ́ wọ́n ti fi lẹ́ẹ̀dà bo gbogbo ihò bóòtù, etí rẹ̀ sì ti nípọn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ibi tó ti ń wọlé wẹ́rẹ́ tẹ́lẹ̀ wá di ibi tí a ń fi agbára tì í.

Ẹni tó bá ti kiwọ́ bọ ẹ̀yìn dáṣíbọ́ọ̀dù rí mọ ohun tí mò ń wí. Ọwọ́ kan ṣoṣo ló gba ibẹ̀, bí ọwọ́ bá sì ti wọ̀ ọ́ tán, ojú kò ríbi tó ń ṣe mọ́. Òṣómàáló ni bàbá bàbá mi, ọ̀kan nínú àwọn Ìjẹ̀ṣà tó ń ta aṣọ láwìn. Wọn a máa lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà ẹni tó jẹ wọ́n lówó títí owó á fi jáde. Èmi náà lóṣòó sẹ́nu ilẹ̀kùn mọ́tò yẹn lọ́jọ́ Sátidé méjì, bóòtù kan ni mò ń dúró dè.

Rewáyà àgbà kan ládùúgbò wa ló kọ́kọ́ là mí lọ́yẹ̀. “Àbúrò, so okùn súpídómítà mọ́ ẹ̀yìn gééjì kí o tó ti dáṣíbọ́ọ̀dù wọlé. Bí o bá tì í wọlé tán, ọwọ́ rẹ ò ní débẹ̀ mọ́.” Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n, okùn náà ò gùn tó.” Wọ́n ní kí n tú ibi tí wọ́n ti dè é mọ́ra lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, kí n fà á wọlé díẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí.

Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni mo ti ra kámẹ́rà náà, ₦14,000, ọjọ́ kẹfà ló dé Iléṣà. Okùn rẹ̀ gùn tó mítà 5, orí rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 5.5, iná tíntìntín 6 sì yí ojú rẹ̀ ká. Ẹ ó kì í bọ ihò tí ẹ fi ń gba iná sí fóònù Android, àwòrán á sì hàn lójú fóònù. Ìkọ́ kan, òòfà kan àti dígí kékeré bá a wá.

Ihò bóòtù ni mo kọ́kọ́ fi wá. Mo ki kámẹ́rà gba ihò rédíò, mo rí ihò irin kedere látẹ̀yìn, mo wá fi abẹ́rẹ́ àpò gún lẹ́ẹ̀dà láti ibẹ̀ wá síwájú. Kò sí ihò kan tí mo lù síbi tí kò yẹ.

Ohun tí mi ò lè gbàgbé ni wáyà kan. Dáṣíbọ́ọ̀dù ti jókòó, bóòtù méjì ti wọlé, ó ku kí n fún un le. Ọkàn mi ní kí n tún wò ó lẹ́ẹ̀kan sí i. Àfi bí mo ṣe rí wáyà iná kan tó há sáàárín irin àti ẹsẹ̀ dáṣíbọ́ọ̀dù. Ká ní mo fún bóòtù yẹn ni, irin ì bá gé ara wáyà náà, iná ì bá sì kan ara mọ́tò. Bí fúùsì bá jó, ẹ dúpẹ́. Bí ẹnì kan bá ti fi wáyà lásán rọ́pò fúùsì, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe sí mọ́tò àtijọ́, mọ́tò ni yóò jó. Mo jókòó sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ kí n tó lè máa bá iṣẹ́ lọ.

Àléébù rẹ̀ wà o. Tí nǹkan bá ti jìnnà ju bí ìka kan lọ, àwòrán á ṣú. Kò sí bí ẹ ṣe máa mọ òkè yàtọ̀ sí ìsàlẹ̀, torí bí okùn bá ṣe yí ni àwòrán ń yí; mo lẹ téèpù pupa mọ́ ẹ̀gbẹ́ kan orí rẹ̀ kí n fi dá òkè mọ̀. Òòfà rẹ̀ kò lágbára: ó gbé nọ́ọ̀tì kékeré tó bọ́ sínú ihò atẹ́gùn fún mi, àmọ́ kò lè gbé sípánà. Èyí tó dùn mí jù ni pé okùn rẹ̀ rọ̀ jù, ń ṣe ló ń wó lulẹ̀ bí òwú, àfìgbà tí mo dè é mọ́ sípóòkù kẹ̀kẹ́. Èyí tí okùn rẹ̀ le, tó ń dúró bí a bá ṣe tẹ̀ ẹ́, ni kí ẹ béèrè. Kí ẹ tó sanwó, ẹ tún rí i dájú pé fóònù yín gba OTG, ìyẹn ni pé ó lè lo nǹkan bíi kámẹ́rà tí ẹ bá kì bọ ihò iná rẹ̀. Ti àbúrò mi ò gbà á.

Fún ẹni tó ń tún mọ́tò àtijọ́ ṣe fúnra rẹ̀, mo fún un ní mẹ́rin nínú márùn-ún. Ẹni tí kò ní tú ju rédíò lọ, tọ́ọ̀ṣì àti dígí ọwọ́ ti tó o.

Lọ́jọ́ Àìkú tó tẹ̀lé e, bàbá mi wakọ̀ náà gba iwájú Ọjà Àtakúmọ̀sà lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Wọn ò sọ̀rọ̀ púpọ̀. Nígbà tí a délé, wọ́n pè mí pé kí n wá wo kílómítà: ó ti kà á.